Láàárín Àpò Obì àti Apó Ọfà

"Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó." Ẹ kọ àpò àti apó sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá sì wọnú òwe, tí wọ́n di lápò àti lápó, ohùn tó gbẹ̀yìn nìkan ló kù tó ya ilé obì sọ́tọ̀ kúrò lára ilé ọfà. Bí ohùn bá relẹ̀, obì la gbọ́. Bí ó bá ròkè, ọfà la gbọ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò fi mọ sí kí wọ́n sọ ọgbọ́n inú rẹ̀, wọ́n fi ìró rẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Ohun kejì tó yẹ ká wò ni ẹni tó ni àpò. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ ti jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń wọ àpò, ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, òun ló yọ nǹkan. Ọkùnrin kan náà ló sì gbé méjèèjì kọ́ èjìká. Òwe náà kò sọ pé olóbì wà lọ́tọ̀, ọlọ́fà wà lọ́tọ̀. Ohun tí a bá bá a sọ, àti ohùn tí a fi sọ ọ́, ni yóò pinnu èjìká tí ọwọ́ rẹ̀ yóò nà sí.

Ohun kẹta ni èyí tí òwe náà dákẹ́ lé lórí. Kò sọ bí a ṣe ń ṣe é nígbà tí ọfà bá ti jáde, tí ọsán ti fà, tí ọmọ ọlọ́mọ sì wà níwájú rẹ̀. Kò sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ rere ti ń wá. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé àbímọ́ ni: a ní ẹnu lágbájá dùn, ti tàmẹ̀dù korò. Èrò tèmi ni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere tó lè dá ọfà padà sínú apó, iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí aṣọ híhun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, kó ṣe é, kó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó tún un ṣe, kí ọjọ́ tí wọn yóò pè é tó dé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Àwọn ọlọ́pàá kan wà káàkiri ayé tí wọ́n fi èyí ṣe iṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń pè nígbà tí ẹnìkan bá fi ìbọn ti àwọn ènìyàn mọ́lé, tí ajínigbé bá ń bèèrè owó, tàbí tí ẹni tí ayé sú bá gun orí afárá tó ń wo omi. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní onípẹ̀tù, nítorí pípẹ̀tù sí ọkàn tó ń ru ni iṣẹ́ wọn. Eré ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe pe eré yẹn, ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín. Kó tó rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1972, nígbà ìdíje Òlíńpíìkì ní ìlú Munich ní Jámánì, àwọn agbébọn ọmọ Palẹstínì tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Black September fo ọgbà wọ ilé tí àwọn eléré ìdárayá Ísírẹ́lì ń gbé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọmọ Ísírẹ́lì 11 ti kú, pẹ̀lú ọlọ́pàá Jámánì kan àti márùn-ún nínú àwọn agbébọn náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Munich, Manfred Schreiber, wà lára àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń bá olórí àwọn agbébọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀ka ọlọ́pàá kan nígbà náà tí wọ́n dìídì kọ́ níṣẹ́ yẹn. Èyí tó tún dunni jù ni pé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, Georg Sieber, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ń bá àwọn ọlọ́pàá ṣiṣẹ́, ti fi ojú inú wo ohun burúkú 26 tó lè ṣẹlẹ̀, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó ṣètò ìdíje. Ìkọkànlélógún nínú wọn sọ nípa àwọn ọmọ Palẹstínì tí wọ́n á fo ọgbà ní ìdájí, tí wọ́n á wọ ilé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Wọ́n gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtàn náà wà lórí pépà, ẹni tó fi í dánra wò ni kò sí.

Ìlú New York ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Munich kọ́gbọ́n. Harvey Schlossberg, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó tún gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá, àti ọ̀gá rẹ̀ Frank Bolz ni wọ́n dá ẹgbẹ́ onípẹ̀tù àkọ́kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1973. Ní oṣù kìíní ọdún náà, adigunjalè mẹ́rin há sínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìbọn ní Brooklyn pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá kan kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà. Ní ayé àtijọ́, ikú ọlọ́pàá kan tó kí wọ́n ya ilẹ̀kùn wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n mú sùúrù fún wákàtí 47. Àwọn ẹni ìgbèkùn rí ọ̀nà gba òrùlé jáde, àwọn adigunjalè sì jọ̀wọ́ ara wọn.

Nínú irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ni òfin kan ti jáde tí àwọn onípẹ̀tù ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní: ẹni tó ń pẹ̀tù kì í pàṣẹ, ẹni tó ń pàṣẹ kì í pẹ̀tù. Kò yẹ kí ìdí rẹ̀ ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Nínú àṣà wa, ọba kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹmẹ̀wà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun ló ń gbé e bọ̀. Bí agbébọn bá mọ̀ pé ẹni tó wà lórí fóònù lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kíákíá ni yóò fẹ́ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí onípẹ̀tù bá lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n lọ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi," wákàtí kan ti lọ nìyẹn. Bí wákàtí ṣe ń lọ ni inú ń rọ̀, ebi ń pani, oorun ń kunni, ọwọ́ sì ń ro lára ìbọn.

Ní Quantico, ibi tí àjọ FBI ti ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn onípẹ̀tù, eré ìdánrawò ló sì jẹ́ egungun ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n á kọ́kọ́ dá ìtàn kan. Wọ́n á wá òṣèré tí yóò ṣe agbébọn, wọ́n á sì fún un ní ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ rí. Inú ìwé náà ni ìgbésí ayé ẹni tó ń ṣe wà: ilé tó ti wá, ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó lè tù ú nínú, ọ̀rọ̀ tó lè mú un ya wèrè. Orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin lè jẹ́ oyin fún un, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì lè jẹ́ ata. Etí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi wá wọn rí. Wọn kì í kọ ìparí eré náà sílẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ dáadáa, ara òṣèré á máa rọ̀. Bí ó bá ń kánjú fúnni nímọ̀ràn, òṣèré á máa le sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá wà. Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀. Ẹnìkejì jókòó tì í, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí pépà pélébé, ó ń tì í síwájú rẹ̀. Ẹnìkẹta ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá gbọ́ sára pátákó. Ẹnìkẹrin ń lọ ń bọ̀ láàárín wọn àti ọ̀gá. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ máa dùn, olùkọ́ á ju òkúta sínú omi: fóònù á kú lójijì, ìyá agbébọn á dé tẹkúntẹkún, àkókò tí agbébọn dá fún wọn á pé. Eré náà lè gba òru mọ́jú, nítorí àárẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́. Ìbọn tó ní ọta kì í wọ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí gbogbo wọn ti jọ mọ̀, tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́, eré dúró. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọ́n á tan ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á sì gbọ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń mọ̀ pé ohùn wọn ròkè nígbà tí wọ́n rò pé ó relẹ̀. Lápó ni wọ́n ń sọ. Lápò ni wọ́n rò pé àwọn sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé eré náà wá sílé, ká gbé e lọ sí Aklampa. Aklampa wà lábẹ́ Glazoué, ní ẹkùn Collines ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ẹkùn àwọn òkè tí Ìdáàṣà, Ṣábẹ̀ẹ́, Bantè, Savalou àti Ouèssè wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ń ti oko wá sí ọjà Glazoué lọ́jọ́rú, ọjà tí àwọn oníṣòwò ń ti Cotonou wá ná. Ìdáàṣà, Máhì, Fọ̀n àti Fúlàní ni wọ́n jọ ń gbé àgbègbè náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èdè rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí koríko òkè gbẹ, màlúù á máa sọ̀ kalẹ̀ wá omi. Ìjọba ti ṣe òfin lórí dída ẹran. Ní ìparí 2019 ó tún ní kí màlúù ilẹ̀ òkèèrè má ṣe wọlé mọ́. Òfin dára, ṣùgbọ́n màlúù kò kàwé. Ọdọọdún ni àgbẹ̀ àti darandaran ń kojú ara wọn níbi kan tàbí òmíràn ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọlọ́pàá tó sì sún mọ́ wọn ni wọ́n ń ké sí. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Police Républicaine nìyẹn, ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ọlọ́pàá àti jàndáàmù pa pọ̀ dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2018.

Èmi ni mo dá ìtàn yìí, fún ìdánrawò. Àgbẹ̀ kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún jí dé oko, ó bá ebè iṣu rẹ̀ ní títẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rí ọmọdékùnrin Fúlàní kan létí odò, ó fi ìbọn ṣakabùlà dà á wọnú ahéré, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn ará ọmọ náà ti gbọ́, wọ́n ń bọ̀. Àwọn ọdẹ abúlé ti gbọ́, àwọn náà ń bọ̀. Ọlọ́pàá méjì ló kọ́kọ́ dé. Àgbẹ̀ tòótọ́ láti ìlú mìíràn ló ń ṣe bàbá náà. Ọ̀dọ́mọdé ọlọ́pàá ló ń kọ́ṣẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, báyìí ló lọ.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀! Ẹ gbé ìbọn yẹn sílẹ̀, kò sí wàhálà."

"Kò sí kí ni? Kí màlúù jẹ oko mi tán, ìwọ ni o ń sọ pé kò sí wàhálà?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ìjọba á san owó rẹ̀ fún yín."

"Ìjọba wo? Èyí tó san ti èṣí?"

Òṣèré fi ìdí ìbọn gbá ilẹ̀kùn, olùkọ́ dá eré dúró. Kò pé ìṣẹ́jú kan, akẹ́kọ̀ọ́ ti yọ ọfà lẹ́ẹ̀mẹta: ó pàṣẹ, ó sọ pé ohun tó ń dun bàbá kò tó nǹkan, ó sì ṣèlérí owó tí kò sí lápò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ènìyàn rere ni. Èrò rere ló ní lọ́kàn, ohùn ọfà ló fi sọ ọ́.

Wọ́n tún un ṣe.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìrọ́jú."

"Ta nìyẹn?"

"Ọlọ́pàá ni mí, bàbá. Ẹ máa pè mí ní Àkànbí. Mo ti ẹ̀bá oko yín kọjá, mo rí i."

"O rí i?"

"Mo rí i, bàbá. Ebè kan kò ṣẹ́kù lápá ìsàlẹ̀."

"Oṣù méje! Oṣù méje ni mo fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀."

"Oṣù méje."

"Iṣu yẹn ni owó ilé ìwé ọmọ mi. Ìdáàṣà ló fẹ́ lọ."

"Kì í ṣe iṣu nìkan ló lọ nígbà náà, bàbá. Ọ̀nà ọmọ yín ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn."

Bàbá dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà dákẹ́. Ẹnìkejì rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí pépà: *Dúró.* Ó dúró. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń wòran fi ń wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ní, "Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́, bàbá? Ó ti jẹun?" Ohùn bàbá relẹ̀ nígbà tó dáhùn: "Kò tíì fẹnu kan nǹkan kan." Láti ìgbà yẹn lọ, ọmọ tó wà nínú ahéré ti di ọmọ ènìyàn lójú ẹni tó mú un, ẹni méjì ló sì ń wá bí yóò ṣe jáde.

Ẹ wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe. Àwọn ìwé Amẹ́ríkà ní kí onípẹ̀tù pe ìrora ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lórúkọ, kó máa tún ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀ sọ, kó máa hùn, kó sì mọ̀gbà tó yẹ kó dákẹ́. Wọ́n ń kọ́ni ní nǹkan wọ̀nyí bí ohun tuntun. Èdè wa ti fi wọ́n ṣe ìkíni. Ta ni kò mọ̀ pé "ẹ kú" wà fún ipò gbogbo tí ẹ̀dá lè bá ara rẹ̀: ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ọ̀fọ̀? Ẹni tó kí mi báyìí ti sọ fún mi pé òun rí ibi tí mo wà, kó tó bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ẹni tí àlọ́ bá sì ń dùn mọ́, tó ń hùn sí i, tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu apàlọ́ tún sọ, ó ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà.

Ṣùgbọ́n àṣà wa kò gbè wá ní gbogbo ọ̀nà, kí a má parọ́. Àgbà Yorùbá fẹ́ràn ìmọ̀ràn. Ẹnìkan kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí a ti ń pa òwe fún un, tí a ń sọ mẹ́sàn-án mẹ́wàá fún un pé Ọlọ́run ń bẹ. Lójú ẹni tí ọsán ti fà lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ̀ràn tó yá jù dà bí ẹ̀sùn. Èkejì ni ẹbí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, gbogbo agbolé ló ń rọ́ wá: ìyá ń sunkún, ẹ̀gbọ́n ń halẹ̀, pásítọ̀ àti àlùfáà ń gbàdúrà. Onípẹ̀tù tó gbọ́n kì í gbé fóònù fún ìyá títí yóò fi mọ̀ bóyá oyin ni ìyá náà tàbí ata, nítorí ìyá lè jẹ́ ìdí ìbínú gan-an. Bí ẹnìkan ṣe ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò jẹ́ kí ẹbí ya wọlé, tí kò sì tàbùkù wọn, ó yẹ kó wà nínú eré náà ní Aklampa. Èdè gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí àgbẹ̀ bá ń sọ Máhì, tí darandaran ń sọ Fúlàní, tí ọlọ́pàá sì ti Cotonou wá, ògbufọ̀ ló di ẹnu àti etí. Ògbufọ̀ tí kò bá wọn dánra wò lè fi ohùn ọfà túmọ̀ ọ̀rọ̀ obì.

Kì í ṣe pé mo ń fi ìtàn àròsọ dẹ́rù ba ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà tí ìbò ààrẹ ku ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn dí ọ̀nà ńlá mọ́ ọkọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, nínú àwọn òkè kan náà yìí. Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun fi ìbọn ṣí ọ̀nà. Ẹ̀mí lọ, àwọn mìíràn sì fara gbọta. N kò jókòó dá ẹjọ́ ẹni tó jàre níhìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀nà là, òkú kò jí.

Àwọn ọmọ tiwa náà ti wà nídìí ìbọn rí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1993, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin já ọkọ̀ òfurufú Nigeria Airways gbà láàárín Èkó sí Àbújá, nítorí ìbò June 12 tí ìjọba fagi lé. Wọ́n balẹ̀ sí Niamey ní ilẹ̀ Niger, wọ́n ní àwọn á dáná sun ún bí ìjọba Shonekan tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà kò bá kúrò. Àwọn ará Niger bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ èrò sì ti bọ́ sílẹ̀ kí àwọn jàndáàmù tó ya wọ inú ọkọ̀ náà ní ọjọ́ 28. Ẹnìkan kú nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kò gba gbogbo ènìyàn là, ṣùgbọ́n olúkúlùkù tí ọ̀rọ̀ bá ti mú sọ̀kalẹ̀, ọta ìbọn kò lè rí i mọ́.

Nínú ọdún 1993 kan náà ni Waco ṣẹlẹ̀ ní Texas. Ọjọ́ 51 ni FBI fi dúró yí ilé àwọn ọmọ ẹ̀yìn olórí ẹ̀sìn kan, David Koresh, ká. Àwọn onípẹ̀tù ń ṣiṣẹ́, ènìyàn 35 jáde, àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onípẹ̀tù bá mú ẹnìkan jáde, àwọn oníbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á gé iná mànàmáná, wọ́n á tan orin burúkú sókè lóru. Ọwọ́ kan ń na obì, èkejì ń ta ọfà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin iná sọ, ènìyàn 76 sì ṣègbé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti rí i dájú pé kì í ṣe onípẹ̀tù nìkan ló yẹ kó dánra wò; ọ̀gá tó ń pàṣẹ àti àwọn oníbọn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú eré kan náà, kí wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ wọn sinmi.

Ẹ tún wo Chibok. Àwọn ọmọbìnrin 276 ni àwọn agbébọn kó lọ nílé ìwé níbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, 21 padà wálé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, 82 tún padà, lẹ́yìn tí ìjọba gbà láti tú àwọn kan sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Zannah Mustapha, agbẹjọ́rò kan ní Maiduguri, wà lára àwọn alárinà. Kí ló mú kí àwọn agbébọn náà gbọ́ tirẹ̀? Láti 2007 ló ti dá ilé ìwé ọmọ òrukàn sílẹ̀, ọmọ ṣọ́jà àti ọmọ àwọn tó ń bá ṣọ́jà jà sì jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níbẹ̀. Obì ti wà lápò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè rẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá náà mọ irú rẹ̀ rí. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn jagunjagun kò sì mọ bí wọn yóò ṣe kúrò lójú ogun láìtijú. Ní 1886, àlùfáà méjì ń rìn láàárín àgọ́ Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀: Samuel Johnson, òpìtàn wa, tí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn mọ̀ dáadáa, àti Charles Phillips, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó. Wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn ní oṣù kẹfà. Ní oṣù kẹsàn-án àgọ́ méjèèjì tú. Gómìnà Èkó ló ni àṣẹ, àwọn tó ń rìn ló ni ohùn.

Ẹnìkan á ní, "Òṣèré mọ̀ pé òun kò ní kú. Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú ìbẹ̀rù ayédèrú?" Ìbéèrè tó yẹ ni. Ìdáhùn mi ni pé àyà tó ń já nínú eré kì í ṣe ayédèrú. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú fóònù tí àgbàlagbà kan ń sunkún nínú rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2006, Vincent Van Hasselt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀kọ́ àwọn onípẹ̀tù FBI, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ọgbọ́n ìtẹ́tísílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn á ní ọlọ́pàá tó ń bẹ ọ̀daràn ti sọ aṣọ ìjọba di yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni onípẹ̀tù ń bẹ̀. Ìbọn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, òfin ṣì wà níwájú, ẹni tó bá jáde yóò lọ sílé ẹjọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Ọfà mìíràn sì wà tí kò sí ọ̀rọ̀ tó lè dá a padà. Ní Neuilly lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris, ní oṣù karùn-ún ọdún 1993, ọkùnrin kan di ohun abúgbàù mọ́ra, ó sì ti àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi 21 mọ́ yàrá fún wákàtí 46. Ìbọn àwọn ọlọ́pàá RAID ló parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti fi gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà jáde ní díẹ̀díẹ̀ kí ìbọn tó dún, ọmọ kankan kò sì kú.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń darí ọlọ́pàá ní ẹkùn àwọn òkè, àti sọ́dọ̀ àwọn ọba, àwọn olórí ọdẹ, àwọn aṣáájú Fúlàní àti àwọn ìyá ọjà níbẹ̀. Eré yìí kò gba owó púpọ̀. Igi máńgòrò kan, àga mẹ́rin, fóònù méjì àti ahéré òfìfo kan ti tó. Òṣèré kò sì wọ́n: kí àgbẹ̀ ṣe darandaran, kí darandaran ṣe àgbẹ̀, kí olórí ọdẹ ṣe ìyá tó ń sunkún. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ọjà Glazoué, kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí wọ́n sì gba ohùn sílẹ̀, kí olúkúlùkù lè gbọ́ bí ohùn tirẹ̀ ṣe ń dún. Màlúù yóò tún sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí ó bá wọ oko olóko, kò ní sí àyè mọ́ fún ọlọ́pàá láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ṣe ń pe àpò.